Ẹ́ẹ̀sì Kan Tó Já Bọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí iná mànàmáná ti lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, tí mo sì gbé àtùpà kalẹ̀ síwájú ọmọ ọmọ mi ọkùnrin kan tí í ṣe ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ó lè parí iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ rẹ̀ fún un, mo rí ohun kékeré kan tó há mi lọ́fun bí eegun ẹja, tí n kò rí pọ̀, tí n kò sì rí gbé mì láti ọjọ́ náà títí di òní. Iṣẹ́ tí wọ́n fún ọmọ náà kò le. Wọ́n ní kí wọ́n fi was tàbí were dí àwọn àlàfo kan. Ó ti dí márùn-ún, ó sì dí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ẹ̀kẹfà, ó kọ w, ó kọ a, ó sì fò lọ sí ìkeje láìkọ ẹ́ẹ̀sì sí i: The dog wa sleeping. Mo mú pẹ́ńsù, mo na ọwọ́ láti fi ẹ́ẹ̀sì náà ta á lọ́rẹ, gẹ́gẹ́ bí mo ti fi ta àìmọye ọmọ lọ́rẹ láàárín ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí mo fi ṣe iṣẹ́ tíṣà, ọwọ́ mi sì dúró lójú ọ̀nà.

Ọmọ náà wo ojú mi. Ó ní, "Màmá àgbà, kí ló dé?"

Mo ní kò sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan sì wà.

Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun àgbémì fún adìẹ. Èmi adìẹ yìí ti gbé ẹ́ẹ̀sì mì láìmọye ìgbà, n kò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni. Gbogbo ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ Yorùbá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì rí ni yóò bá mi jẹ́rìí pé kò sí lẹ́tà tó ń sọnù lójú ọ̀nà tó ẹ́ẹ̀sì ìdí ọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin, nítorí pé èdè wa kì í fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ̀rọ̀, fáwẹ́lì ni ó máa ń fi ti ilẹ̀kùn. Bí ọmọ wa bá bá was pàdé, ọ̀nà méjì péré ni ó ní: yálà kí ó wá fáwẹ́lì kan kún ìdí rẹ̀ kí ó di wọ́ọ̀sì, bí àwọn bàbá wa ti sọ bus di bọ́ọ̀sì, tàbí kí ó gé ìrù rẹ̀ sọnù kí ó máa gbé orí rẹ̀ lọ sílé. Èyí tó fi fáwẹ́lì kún un, a máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Èyí tó gé ìrù rẹ̀, a máa ń fi bírò pupa fa ẹ́kìsì fún un. Ohun tí n kò fi ìgbà kan rò rí, àfi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àtùpà yẹn, ni pé orí tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ọmọ náà kì í ṣe òkú orí. Odindi ọ̀rọ̀ ni. Wà ni.

Ẹ jẹ́ kí n fìdí kalẹ̀ síbí díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ. Ohun tó bá ń bẹ láyé, ó wà. Ẹni tí kò jáde, ó wà nílé. Awakọ̀ tó di ìdarí mú, mọ́tò ló ń wà. Apẹja tó mú àjẹ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ ló ń wà. Àgbẹ̀ tó lọ hú iṣu tuntun jáde nínú ebè, ó lọ wa iṣu ni. Bí a bá gbé ohùn rẹ̀ sókè, ó di wá, ìyẹn ni kí ènìyàn máa bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni, tàbí kí ó máa fẹsẹ̀ tú ilẹ̀ nítorí ohun tó sọnù. Bí a bá sì fi í sí ohùn àárín, ó di wa, tí í ṣe ti gbogbo wa. Nígbà tí àwọn àgbà sì fẹ́ sọ iṣẹ́ tí àgbà ń ṣe láwùjọ, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wà kan náà ni. Kò wo ẹ̀yìn, kò wo iwájú. Was ti Òyìnbó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ sí àná. Wà tiwa ní ó wà, ó parí. Ẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín, ọmọ tó bá sì jẹ́ kí ẹ́ẹ̀sì náà já bọ́ ti fa nǹkan kan lọ́wọ́ láti àná wá sí òní, òun kò mọ̀, olùkọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀.

Ọdún 1970 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lẹ́yìn tí mo gba ìwé ẹ̀rí Gírédì Kejì ti àwọn olùkọ́. Mo wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, àwa tí wọ́n ní kí a gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí àtàrí kí ó fi kan etí òsì kí wọ́n tó gbà pé a ti tó ọmọ ilé-ìwé. Bí wọ́n ti kọ́ wa ni mo ṣe kọ́ni: ṣọ́ọ̀kì funfun, pátákó dúdú, ìlà kan láàárín, I àti he àti she àti it lápá kan pẹ̀lú was, we àti you àti they lápá kejì pẹ̀lú were, kí gbogbo kíláàsì sì máa kọ ọ́ bí orin títí tí àwọn ewúrẹ́ tó ń sùn lábẹ́ fèrèsé yóò fi dìde bínú kúrò.

Ibi tí ọmọ tó bá ní làákàyè ti máa ń dá mi dúró ni you. Yóò na ọwọ́ sókè, yóò ní, "Mà, ṣebí ẹnì kan ṣoṣo ni you, kí ló dé tí kò gba was?" Ìbéèrè gidi ni, ọ̀pọ̀ tíṣà ìgbà náà sì ń fi pàṣán dáhùn rẹ̀. Èmi a máa sọ fún wọn pé nígbà kan rí, Òyìnbó náà ní "ìwọ" tirẹ̀, thou ni wọ́n ń pè é, ó sì ní "ẹ̀yin", òun náà ni you. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń fi ẹ̀yin kí ẹni tó jù wọ́n lọ, tí wọ́n ń fi ẹ̀yin kí àlejò, tí kò sí ẹni tó fẹ́ kí a fi ìwọ pe òun mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ ṣe sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé lónìí, Òyìnbó ń sọ "ẹ" fún ọba, ó ń sọ "ẹ" fún ọmọ ọwọ́, ó sì ń sọ "ẹ" fún ajá rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ajá ni kíláàsì máa ń tú ká fún ẹ̀rín, láti ọjọ́ náà lọ, you were kì í nira fún wọn mọ́.

Àmọ́ o, ẹni tó bá fi ọ̀wọ̀ kọ́ ọmọ ní gírámà, kí ó múra sílẹ̀ de ohun tí ọ̀wọ̀ yóò bí. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, My mother were cooking. Mo pè é síwájú, mo ní, "Ìyá mélòó lo ní?"

Ó ní, "Ẹnì kan, mà."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o sọ ọ́ di púpọ̀?"

Ọmọ náà wò mí tìyanu-tìyanu, bí ẹni pé èmi ni wọn kò kọ́ nílé. Ó ní, "Màámi ni wọ́n, mà."

Kí ni mo fẹ́ fi fèsì? Nínú èdè tí ó gbé kúrò nílé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ń se ọbẹ̀ ni a ń wí nípa ìyá ẹni; ọmọ tó bá ní ó ń se ọbẹ̀ yóò jẹ ìgbátí kí ó tó jẹ ọbẹ̀. Mo fa ẹ́kìsì sí i, nítorí àwọn tó ń ṣètò ìdánwò àṣekágbá kò mọ màámi ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo fà á fẹ́ẹ́rẹ́.

Ti did ló le jù. I did not went: n kò tíì rí ọmọ Yorùbá tí kò kọ ọ́ rí, èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí kọ ọ́ títí bírò tíṣà mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Nígbà tí ó kan èmi láti kọ́ni, mo rí i pé àlàyé ẹnu kò lè gbé e, mo bá gbé garawa. Mo máa ń pe ọmọkùnrin kan jáde, mo ní òun ni go, mo ní àná ni omi inú garawa, mo gbé e rù ú. Nísinsìnyí tí ó ru àná lórí, orúkọ rẹ̀ ti yí padà, ó ti di went. Lẹ́yìn náà ni mo máa pe ọmọ kejì tó sígbọnlẹ̀ jù ú lọ, mo ní òun ni did, alárù ni, ó wá ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo sọ garawa kúrò lórí èkínní, mo gbé e lé èkejì. "Ta ló ru omi báyìí?" Wọn a ní did ni. "Ṣé go tún ru nǹkan?" Wọn a ní rárá. "Kí wá ni orúkọ rẹ̀?" Gbogbo kíláàsì a pariwo pé go! Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́, mo máa ń sọ fún wọn, alárù ọ̀rọ̀ ni, ẹrù kan kì í sì wà lórí ènìyàn méjì. Ní ọdún kan, garawa yẹ̀ lórí did, omi náà ṣàn dé tábìlì mi, ó sì pa ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ́ láti lẹ́tà A dé F. Ọ̀gá àgbà wa kò rí ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí n kò sọ fún wọn ni pé went gan-an kì í ṣe ọmọ bíbí inú go. Ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ wend ló ni í, go ló lọ yá a bí ẹ̀wù ọjọ́ ìnáwó, tí kò sì dá a padà mọ́. N kò sì sọ fún wọn pé ní ayé Shakespeare, ènìyàn ṣì lè wí pé I went not kí ó lọ sílé ní àlàáfíà. Bí mo bá sọ ọ́, wọn ìbá ti bi mí léèrè irú ìwà wo ni Òyìnbó wá ń hù sí ọmọ ọlọ́mọ. Ti had kò ní wàhálà, nítorí ti wa ń ṣe iṣẹ́ tó fara jọ tirẹ̀, a ti gbálẹ̀ kí tíṣà tó dé. Ọjọ́ kan péré ni mo fi ń kọjá lórí rẹ̀.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn onímọ̀ èdè wa yòókù ti ń kọ́ni, ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pààrọ̀ aṣọ nítorí àná. Mo lọ lánàá, lọ náà ni. N ó lọ lọ́la, lọ náà ni. Bí mo bá wí pé mo jẹ iṣu, tí n kò fi nǹkan kan kún un, ẹ ti mọ̀ pé iṣu ti wọ ikùn. Bí mo bá sì wí pé mo mọ ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé mo ṣì mọ̀ ọ́n bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni mo gbà sọ méjèèjì. Irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ló ń sọ ìgbà rẹ̀ fún etí tó gbọ́ Yorùbá. Bí mo bá sì wí pé bàbá mi ń wa mọ́tò, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdarí báyìí, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun nìyẹn, bí mo bá sì ti ń sọ ìtàn àná bọ̀, ó lè jẹ́ àná. Ọmọ tó fi gbogbo ìyẹn mu ọmú, òun la wá gbé was àti were kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tí a ní kí ó mú ọ̀kan kíákíá.

Ọdún tí mo wọ iṣẹ́ yẹn náà, 1970, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ọmọ náà wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ dé yàrá àwa olùkọ́, a yìn ín, a mi orí, a sì padà sí ìdí garawa wa.

Mo fẹ́ máa bá àlàyé lọ, ṣùgbọ́n Àkànní ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Oríkì ni mo fi bò ó, nítorí oríkì a máa pọ́n ènìyàn lé láìtú àṣírí rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Òkè-Ògùn ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà, ní nǹkan bí ọdún 1983, ní ìlú tí àwọn lọ́rì oníṣu máa ń gbà kọjá láti Ṣakí lọ sí Ìbàdàn, tí àwọn ọmọ sì mọ ìró ẹ́ńjìnnì ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú kíláàsì, tí wọ́n á máa sọ ọ́ sí ara wọn létí pé ti bàbá lágbájá nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé ni. Mo ní kí wọ́n kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ohun tí àwọn ará ilé wọn ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ àná, kí was tàbí were sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó ṣe, ìwé Àkànní kan mí lọ́wọ́. Ìkọ̀wé ọmọ náà a máa tẹ̀ sí apá òsì bí ọkọ̀ tí wọn kò di ẹrù rẹ̀ dọ́gba. Gbólóhùn mẹ́rin pé. Ẹ̀karùn-ún ni, My father wa driving. Mo fi bírò pupa ki ẹ́ẹ̀sì kan bọ àárín, mo fa ẹ́kìsì, mo kọ mẹ́rin nínú márùn-ún, mo ní kí ó lọ ṣe àtúnṣe.

Lẹ́yìn ìsinmi, ó gbé ìwé padà wá. Ó ti fi rọ́bà ha ojú ìwé náà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lu, w ti lọ, a ti lọ, ṣùgbọ́n rọ́bà kò ran ẹ́ẹ̀sì pupa tèmi, ó ṣì dúró gangan níbi tí mo fi í sí. Ọmọ náà wá fi pẹ́ńsù kọ i kan síwájú rẹ̀. My father is driving: i dúdú, ẹ́ẹ̀sì pupa.

Inú bí mi. Mo ní, "Lánàá! Ṣé o ò gbọ́ pé lánàá ni mo wí?"

Ó ní, "Mo gbọ́, mà."

"Bàbá ẹ ti sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò àbí wọn ò tíì sọ̀kalẹ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Màámi ní wọn ò tíì dé, mà."

Mo ní kí ó lọ jókòó. Mo kà á sí ọmọ tó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe oríkunkun. Aago ìparí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí n tó rántí bi ìyá kan láàárín àwa olùkọ́, tí í ṣe ọmọ bíbí ìlú náà, pé irú mọ́tò wo ni bàbá ọmọ yẹn ń wà. Ìyá náà kọ́kọ́ wò mí. Ó ní lọ́rì oníṣu ni. Ó ní ó ti di oṣù mẹ́jọ tí ọkọ̀ náà ti já sí odò pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ ní òru ọjọ́ òjò kan, pé ìlú ìyá ọkùnrin náà ni wọ́n gbé e lọ sin, pé àwọn ọmọ tó dàgbà nínú wọn ti mọ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn kéékèèké yìí, wọ́n ní kí a sọ fún wọn pé bàbá rìnrìn àjò.

Ẹni tó bá dàgbà sí ilẹ̀ yìí mọ̀ pé kò sí ohun àjèjì níbẹ̀. A kì í tú ikú sí ọmọdé létí. Àwa tí a ní ọba wàjà, tí a ní àgbà papò dà, tí a ní arúgbó relé, tí a ń wá aṣọ bo ikú lójú àwa àgbà gan-an, báwo ni a ó ṣe fi ìhòòhò rẹ̀ han ọmọ ọdún mẹ́jọ? Kí ìyá Àkànní sì tó sọ̀rọ̀ yẹn, ó ti wọ̀n ọ́n. Kò ní bàbá yín ń bọ̀, nítorí irọ́ nìyẹn. Ó ní wọn ò tíì dé. Wọn kò sì tíì dé lóòótọ́. Nígbà tí mo wá kó was àti were kalẹ̀ níwájú ọmọ náà, tí mo ní kí ó sọ fún mi ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ àná, kò sí èyí tó bá ẹnu mu. Ó kọ́kọ́ gé ìrù ọ̀rọ̀ náà. Mo dá ìrù náà padà. Ó wá lo ìrù náà fún nǹkan mìíràn.

Ìgbà tí mo ń ro èyí ni mo rántí Àjàyí ọmọ Òṣoogùn, tí ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú, tí wọ́n sì já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n ti fẹ́ gbé e rékọjá òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé. Ibẹ̀ ló ti kọ́ was. Ní 1843, ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, pẹ̀lú gírámà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n 1846 ni ó tó fi ojú kan Àfàlà ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo máa ń bi ara mi pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí Òyìnbó kan bá jókòó tì í tí ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í nípa ìyá rẹ̀, èwo ni ọkùnrin tó ṣe gírámà fún wa yìí yóò mú nínú is àti was? Gẹ̀ẹ́sì kò ní jẹ́ kí ó kọjá láìmú ọ̀kan. Ní Yorùbá, yóò wí pé Àfàlà ni ìyá mi, yóò sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ibi tí mo fẹ́ gbé àròkọ yìí gúnlẹ̀ sí nìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé kálámù: pé èdè wa láàánú ju tiwọn lọ, pé wà wa kì í lé òkú jáde nílé. Mo ti kọ ojú ìwé méjì lórí rẹ̀. Mo kọ nípa ìyá ìyá mi, tó máa ń fi oríkì jí mi ní òwúrọ̀, tí yóò máa ka iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó ti kú kí Òyìnbó tó dé ilẹ̀ wa bí ẹni pé wọ́n ń wọ bàtà lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí èmi náà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bojú wẹ̀yìn. Mo ka ojú ìwé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì fà wọ́n ya. Wọ́n dùn jù. Yorùbá mọ bí a ti í ti ilẹ̀kùn, ó mọ̀ ọ́n ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nígbà mìíràn. Ó wa mọ́tò rí. Kò wa mọ́tò mọ́. Ẹ gbọ́ rí yẹn, ẹ gbọ́ mọ́ yẹn, kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹ́ẹ̀sì Òyìnbó mú tó wọn. Ìyá Àkànní gbọ́ rí, ó gbọ́ mọ́, abẹ́ ahọ́n rẹ̀ ni wọ́n wà fún oṣù mẹ́jọ, tíì ni ó sì yàn. Kí ni mo wá ń yin èdè fún? Obìnrin náà ló láàánú ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti fa ìwé náà ya ni ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀sì ti kúrò lọ́kàn mi, ohun mìíràn ló jókòó síbẹ̀. Mo bi ọmọ ọmọ mi léèrè pé ajá wo ló ń sùn. Ó ní, "Màmá àgbà, inú ìwé ni o, kì í ṣe ajá kankan." Ó sì tọ̀nà. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ajá wà. Ìdí ọ̀rọ̀ ni à ń wò. Ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n kankan lókè òkun lè kọ ọ́ pé My brother was in London, yóò gba máàkì, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú sínú odò yóò pàdánù máàkì nítorí lẹ́tà kan. Fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń kó ìròyìn ilé wọn wá bá mi láràárọ̀, márùn-ún márùn-ún, mo ń fi bírò pupa tọ ìrù wọn, mo sì ń dá wọn padà.

Nítorí ìwé Àkànní nìkan kọ́ ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ Ajé yẹn. Ti ọmọbìnrin kan ló wà lábẹ́ tirẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó máa ń jókòó nítòsí fèrèsé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ju bẹ́ẹ̀ ni mà àti rárá mà. Mo rántí gbólóhùn méjì tó gbẹ̀yìn nínú márùn-ún tó kọ ní kedere bí ẹni pé ìwé náà wà níwájú mi: My mother was crying. We were crying. Was bá ẹnì kan lọ, were bá ọ̀pọ̀ lọ, ẹ́ẹ̀sì kò já bọ́, àmì ìdádúró wà ní ipò rẹ̀. Inú mi dùn. Mo fún un ní márùn-ún nínú márùn-ún, mo kọ Very good sí ìsàlẹ̀, mo fa ìlà méjì sí i nídìí, mo sì ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un.